Ìbéèrè Lẹ́nu Ọmọ Ọdún 13

Ẹni tó wà nílé ìdáná, kó yí rédíò sókè díẹ̀. Ẹni tó wà nínú mọ́tò, kó bẹ dẹ́rẹ́bà kó jẹ́ ká gbọ́ra. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ Kristẹni la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ pásítọ̀ la ti fẹ́ gbà á, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọdún 12 sí 15 ni: àwọn tí bàtà ọdún tó kọjá kò gbà mọ́, tí ohùn àwọn ọkùnrin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà, tí àwọn obìnrin wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí.

Ẹ mọ ibi tí a máa ń fi wọ́n sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti dàgbà ju àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń pàtẹ́wọ́ tó ń kọrin lọ, wọn kò sì tíì bá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó dọ́gba. Nítorí náà, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ń jókòó sí, nítòsí ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́dìn ti lè tètè fi ìka pè wọ́n: ẹ wá to àga, ẹ lọ gbé omi pásítọ̀ wá, ẹ lọ wo ẹni tó gbé mọ́tò dí ọ̀nà. Bí ìsìn bá parí, tí a délé, a ó bi wọ́n léèrè pé, "Kí ni wọ́n wàásù lé lórí lónìí?" Bí wọ́n bá ti dárúkọ orí àti ẹsẹ, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n bóyá wọ́n gba ohun tí wọ́n gbọ́.

Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ ọjọ́ orí yìí ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí lára wọn ni pé wọ́n ṣì ń béèrè. Àwa àgbà ti ṣíwọ́. Mo ti wá gbà pé ìbéèrè àwọn ọmọ yìí, bó ti wù kó rí gán-ún-gàn-ùn-gán-ún létí wa, ara ìgbàgbọ́ ni, àti pé ibẹ̀ gan-an ló ti kú lára ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó bí wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti inú Bíbélì, nítorí ẹni tó ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé òyìnbó ló kọ́ mi ní irú èyí. Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 12. Ọba Hẹ́rọ́dù ti fi idà pa Jákọ́bù, ó sì ti Pétérù mọ́lé. Ọmọ ogun 16 ló ní kó máa ṣọ́ ọ, mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn onígbàgbọ́ kó ara wọn jọ sílé Màríà, ìyá Jòhánù Máàkù, wọ́n ń ṣe àìsùn àdúrà. Áńgẹ́lì yọ Pétérù jáde lóru. Ó dé ilé Màríà, ó kan ilẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nínú ilé yẹn, Róódà lorúkọ rẹ̀, ló lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Ohùn nìkan ló gbọ́, ó sì mọ ohùn náà. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí ṣílẹ̀kùn. Ó sáré padà wọlé lọ sọ fún àwọn aládùúrà pé Pétérù ti dé.

Kí ni àwọn àgbà wí? Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ọmọ ní bẹ́ẹ̀ ló rí o. Wọ́n ní a jẹ́ pé áńgẹ́lì Pétérù ni. Ẹ gbọ́ nǹkan! Àwọn tó ti ń fi òru bẹ Ọlọ́run lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n lè gbà pé áńgẹ́lì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò lè gbà pé ohun tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ló wà níbẹ̀. Pétérù dúró síta nínú òkùnkùn, ẹni tí wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá nígbàkigbà, ó ń kan ilẹ̀kùn ṣáá, wọ́n ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ jiyàn nínú ilé. Nínú gbogbo ìjọ tó péjọ lóru ọjọ́ yẹn, Róódà nìkan ló rò pé bí èèyàn bá tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ṣeé ṣe kí Ọlọ́run ṣe é.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí tán ní kíláàsì, ọmọ kan bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ó jọ àìsùn wa."

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, a mọ bí a ṣe ń pa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ. Ọmọ á ní kí ló dé tí Màmá Àgbà fi kú lẹ́yìn gbogbo ààwẹ̀ tí a gbà. A ó ní, "Má bi Ọlọ́run léèrè." Á tún gbìyànjú. A ó ní, "Ẹnu ẹ ti ń gùn jù. Ṣé ìwọ lo máa wá kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni?" Bí ara bá tún ń kan ẹni tó ń dáhùn, ìfọ́tí lè bá a rìn. Ọmọ á dákẹ́. Ọdún márùn-ún, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, tí kò bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, a ó ní yunifásítì ló bà á jẹ́. Kì í ṣe yunifásítì. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ Jóòbù béèrè. Hábákúkù béèrè, ó tiẹ̀ lọ dúró síbi tí yóò ti gbọ́ èsì. Ẹni tó bá ń ka ìwé Sáàmù dáadáa yóò rí i pé àwọn tó kọ ọ́ kò jẹ́ kí Ọlọ́run sinmi. Ẹ tún wá wo Jésù fúnra rẹ̀. Láàárín ìgbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ọmọ 30 ọdún, ìtàn kan ṣoṣo ni àwọn ìwé Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ fún wa. Ìgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 ni. Jósẹ́fù àti Màríà mú un lọ sí àjọ Ìrékọjá ní Jerúsálẹ́mù. Nígbà tí wọ́n ń padà, wọ́n rò pé ó wà láàárín èrò. Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni wọ́n ti rìn kí àyà tó já wọn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí i nínú tẹ́ńpìlì, ó jókòó sáàárín àwọn olùkọ́, ó ń fetí sí wọn, ó sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìyá rẹ̀ bá a wí. Ìbéèrè ló tún fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn! Ẹ̀yin ìyá Yorùbá tó ń gbọ́ mi, ẹ mọ ohun tí ọwọ́ yín ì bá ṣe sí ọmọ tí ẹ wá fún ọjọ́ mẹ́ta tó wá dá yín lóhùn báyẹn. Lúùkù sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò yé àwọn òbí rẹ̀, àmọ́ ìyá rẹ̀ pa á mọ́ sínú ọkàn. Èsì tí kò yé e ló fi pa mọ́ o. Kì í ṣe èyí tó yé e.

Mo máa ń fi ìyẹn wé Katikísímù wa. Èmi fẹ́ràn Katikísímù, òun ló kọ́ mi ní Òfin Mẹ́wàá tí n kò gbàgbé di òní. Ìbéèrè pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àgbà ló ni gbogbo wọn. Ìdáhùn nìkan ni ti ọmọ, ìdáhùn náà sì ti wà nínú ìwé. Nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀ wá gbọ́wọ́ lé wọn lórí, ìdààmú wa ni pé kí wọ́n má lọ gbàgbé ìdáhùn níwájú Bàbá. Kò sí ẹni tí kì í rí oorun sùn nítorí pé àwọn ọmọ náà kò ní ìbéèrè kankan.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ítálì. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Póòpù Leo Kẹrìnlá kéde ọmọkùnrin kan pé ó di ẹni mímọ́ nínú Ìjọ Kátólíìkì. Carlo Acutis lorúkọ rẹ̀. London ni wọ́n bí i sí ní 1991, ìlú Milan ló ti dàgbà, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló sì pa á ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006. Ọmọ ọdún 15 ni. Bí ẹ bá lọ síbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ní Assisi, ṣòkòtò jíǹsì ló wà lára rẹ̀, bàtà táwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù kiri àdúgbò ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ràn géèmù. Ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ó sì fi kó ìtàn àwọn iṣẹ́ ìyanu tó jẹ mọ́ Oúnjẹ Olúwa jọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èmi kì í ṣe Kátólíìkì, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹni mímọ́ nírọ̀lẹ́ yìí. Ìyá ọmọ náà ni mo ń wò. Antonia Salzano ti sọ ọ́ ní gbangba, kò fi pamọ́, pé kí òun tó bí Carlo, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni òun ti lọ síbi ìsìn láyé òun: ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ gba Oúnjẹ Olúwa, ọjọ́ tí wọ́n gbọ́wọ́ lé òun lórí, àti ọjọ́ ìgbéyàwó òun. Ọmọ wá dé. Bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ á ní òun fẹ́ wọlé. Ó ń béèrè nípa Jésù, ó ń béèrè nípa ìwé mímọ́, ìyá kò sì rí nǹkan fọ̀. Ìyá tó jẹ́ ọ̀mọ̀wé, tó lówó, tó ní ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ inú ilé ń bi í ní ohun tí kò mọ̀. Ó lè sọ pé ẹnu ọmọ náà ti gùn jù. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn kó lè rí èsì fún un, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ tirẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tún wà nínú ilé yẹn, ará Mauritius, ẹlẹ́sìn Híńdù, tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé. Òun náà gba ìrìbọmi, ó sì sọ pé Carlo ló mú òun débẹ̀, nípa ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ òun àti bó ṣe ń ṣe sí òun. Ẹ rò ó wò, ọmọ olówó àti òṣìṣẹ́ ilé. Ní ilé àwọn kan tí a mọ̀ níbí, orúkọ òṣìṣẹ́ ilé gan-an, ọmọ olówó kò mọ̀ ọ́n.

Kò dìgbà tí a bá dé Ítálì. Ní kíláàsì tiwa, ọmọkùnrin kan wà, ọmọ ọdún 13, tí n kò ní dárúkọ, n kò sì ní sọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́jọ́ kan, Jẹ́nẹ́sísì orí 45 la kà, ibi tí Jósẹ́fù ti fi ara rẹ̀ han àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó tà á. Mo béèrè ìbéèrè olùkọ́: "Kí la rí kọ́?" Ọwọ́ gòkè lọ́tùn-ún lósì. "Ẹ̀kọ́ ìdáríjì, Àǹtí!" Ìdáhùn tó pé pérépéré. Ọmọ tí mò ń wí yìí kò nawọ́. Ó ń fi èékánná họ ọ̀dà ara bẹ́ǹṣì, ọ̀dà ń bọ́ sílẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Kò gbójú sókè tó fi sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Àǹtí, ṣé ó ní iye ọdún tó gbọ́dọ̀ pé kéèyàn tó lè dárí jini?"

Mo ní kí ló fa ìbéèrè.

Ó ní, "Dádì mi àti Bọ̀ọ̀dá Táíwò kò bára wọn sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti pín ilé Bàbá Àgbà. Àbúrò wọn ni. Jósẹ́fù dúró títí ìyàn fi mú kó tó rí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ṣé Dádì náà ń dúró de ìyàn ni?"

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Mo wo ìwé olùkọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, kò sí ibi tí wọ́n kọ èsì ìyẹn sí.

Ó tún gbé ìbéèrè náà délé, ó gbé e kalẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Bàbá náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ, ó máa ń ka ẹ̀kọ́ kejì nígbà ìsìn, ohùn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Ó ní, "Àǹtí, kí lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí?" Mo ní Jẹ́nẹ́sísì orí 45, sà. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ilé lèyí tó wà láàárín èmi àti àbúrò mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Bíbélì."

Mo ti rò ó títí. N kò rò pé èèyàn burúkú ni bàbá náà. Mo rò pé ohun tí gbogbo wa ti ṣe ló fẹnu sọ. A ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀: ọ̀rọ̀ ilé wà níhìn-ín, ọ̀rọ̀ owó wà lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ Bíbélì wà níbi tirẹ̀, láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá ọjọ́ Àìkú. Ọmọ ọdún 13 kò tíì mọ ibi tí ààlà wà. Ó ti dàgbà tó láti rí i pé ohun tí wọ́n kà àti ohun tí wọ́n ń ṣe kò bára mu. Kò tíì dàgbà débi tí yóò fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń fojú fò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní rí i rárá. Ẹni ogójì ọdún rí i, ó sì ti mọ́ ọn lára. Ọdún díẹ̀ ló wà láàárín ìgbà tí èèyàn kọ́kọ́ rí i àti ìgbà tó mọ́ ọn lára, nǹkan bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọn ọdún náà la sì ń fi rán wọn lọ to àga.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìjà náà ti parí. Kò tíì parí. Àmọ́ nígbà Kérésì, ọmọ náà bu ìrẹsì àti ẹran sínú kúlà, ó gbé e lọ sílé Bọ̀ọ̀dá Táíwò, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ rí i nígbà tó ń bọ̀ pẹ̀lú kúlà òfìfo. Kò sì bá a wí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń mi orí níbẹ̀. Á ní èmi ni mò ń kẹ́ wọn bà jẹ́. Á ní àwọn ọmọ wo gan-an? Àwọn tó ń kọ ẹsẹ àkọ́sórí sí àtẹ́lẹwọ́? Àwọn tó ń fi fóònù sáàárín Bíbélì, tí wọ́n ń ṣe bí ẹni ń ka Lẹ́fítíkù? Òótọ́ ni o. Wọ́n ń purọ́, wọ́n ń ṣe ohun tí ẹgbẹ́ wọn bá ń ṣe, wọ́n sì lè fi omijé ronú pìwà dà níbi ìpàgọ́ Àjíǹde kí wọ́n ti gbàgbé kó tó di Pẹ́ńtíkọ́sì. N kò sọ pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Àwọn bàbá wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n àkísà kì í ṣe aṣọ ìmúròde, ẹ̀yin èèyàn mi.

Lórí ọ̀rọ̀ pé wọn kì í dúró sójú kan, n kò gbà tán. Ẹ gbọ́ ìtàn Mary Jones, ọmọ ahunṣọ ní abúlé kan ní ilẹ̀ Wales. 1784 ni wọ́n bí i. Kò sí Bíbélì nílé wọn, ó ń rìn lọ sílé àgbẹ̀ kan láti ka tiwọn. Ọdún mẹ́fà ló fi ń tọ́jú kọ́bọ̀ kọ́bọ̀. Ní 1800, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 15, ó fi ẹsẹ̀ rin nǹkan bíi kìlómítà 40 lọ sí ìlú Bala, kó lè ra Bíbélì ní èdè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ àlùfáà tó ń jẹ́ Thomas Charles. Àlùfáà yẹn wà lára àwọn tó gbé ọ̀rọ̀ àìtó Bíbélì lọ sí London, wọ́n sì dá Ẹgbẹ́ Bíbélì sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1804. Ẹgbẹ́ yìí ló tẹ odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí. Àjàyí náà kò tíì kúrò lọ́mọdé nígbà tí wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n gbà á sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún kejì, wọ́n gbé e lọ sí Freetown; láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ó ti ń ka Májẹ̀mú Tuntun. Nígbà tó rí Àfàlá, ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta ní 1846, ọdún 25 ti kọjá. Ní 1848, ọwọ́ ọmọ yẹn ni ìyá ti gba ìrìbọmi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù lọ́kàn mi ni Ùgáńdà, láyé ọba Mwanga ti Buganda. Àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ láàfin ọba ti ń kọ́ ìwé lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì, àwọn kan ní ti Áńgílíkà, àwọn kan ní ti Kátólíìkì. Ọba bínú. Ó rí i pé wọ́n ní ẹlòmíràn tí wọ́n ń gbọ́ tirẹ̀ ju òun lọ, wọn kò sì gbà kó fi ara wọn ṣe ohun tí ìgbàgbọ́ wọn kọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1885, wọ́n pa mẹ́ta nínú àwọn ọmọ Áńgílíkà; èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 12 lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 1886, wọ́n sun ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Namugongo, Kátólíìkì àti Áńgílíkà pọ̀. Kizito wà lára wọn, ọmọ nǹkan bí ọdún 14. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú ni ọ̀gá wọn, Charles Lwanga, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún un lóru.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Mbaga Tuzinde. Olórí àwọn tó ń pa wọ́n, Mukajanga, ló tọ́ ọ bí ọmọ. Mukajanga bẹ̀ ẹ́. Ó ní kó ṣáà sẹ́, tàbí kó jẹ́ kí òun fi í pamọ́. Ẹ̀bẹ̀ bàbá nìyẹn, èyíkéyìí nínú wa tó bímọ ì bá bẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ náà kọ̀. Níkẹyìn, bàbá ní kí wọ́n fi kùmọ̀ gbá a lọ́rùn kó ti kú kí iná tó dé ara rẹ̀. Àánú tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ mi ṣì o. N kò sọ pé kí a kọ́ ọmọ láti lọ kú. A ti rí àwọn tó ń fi ẹ̀sìn ti ọmọ sínú iná, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Ohun tí mò ń wò ni ẹ̀bẹ̀ yẹn: ṣáà fẹnu sọ ọ́. Àgbà mọ̀ pé èèyàn lè fẹnu sọ ohun kan kí inú máa sọ òmíràn, ó ti fi ìyẹn jayé pẹ́. Ọmọ náà kò mọ̀ ọ́n, tàbí ó mọ̀ ọ́n, kò fẹ́.

Ìkìlọ̀ kan sì wà tó jẹ mọ́ ilé tiwa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1925, ní Èkó, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, lọ wo ayẹyẹ àwọn Kátólíìkì, ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sínú ìran. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé, ará Ìkàrẹ́, láti wá gbàdúrà fún un. Láti inú ilé yẹn ni ẹgbẹ́ tí a wá mọ̀ sí Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá, àwọn ìyá, àwọn tó kàwé, wọ́n wá jókòó láti gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin náà rí. Èmi gbóríyìn fún wọn. Àmọ́ ẹ̀kọ́ òdì ni àwọn kan kọ́ láti ibẹ̀ títí di òní: wọ́n ń jí ọmọ kékeré lóru kó wá sọ ẹni tó ń dí ọ̀nà ìdílé, wọ́n ń febi pa á kó lè ríran. Nígbà tó bá yá, ọmọ yẹn kan náà ni wọn yóò pè ní àjẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ. Àwọn àgbà wọ̀nyẹn ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ kí wọ́n tó jí i.

Ẹni tí mo lè tọ́ka sí tó mọ bí àgbà ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ ni Élì, àlùfáà Ṣílò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ọmọ tirẹ̀ méjèèjì ti ya ìyàkuyà. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Sámúẹ́lì. Josephus, òpìtàn àwọn Júù, sọ pé ó ti pé ọmọ ọdún 12 nígbà tí Ọlọ́run pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ náà sáré wá jí bàbá pé ẹ pè mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ní kó padà lọ sùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó yé e pé ẹni tó ń pe ọmọ kì í ṣe òun. Kò jowú. Kò ní èmi ni àlùfáà níbí. Ó kọ́ ọmọ ní bó ṣe máa dáhùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rù ń ba ọmọ láti sọ̀rọ̀, nítorí ilé Élì gan-an ni iṣẹ́ náà dá lé. Élì pè é, ó ní kó sọ gbogbo rẹ̀, kó má fi ohunkóhun pamọ́. Ọmọ sọ ọ́ tán pátá. Élì gbà á bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, kò bínú sí ẹnu tó sọ ọ́.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bí ẹ bá padà délé, ẹ má bi ọmọ yín léèrè orí àti ẹsẹ. Ẹ bi í pé, "Kí lo gbọ́ lónìí tí kò yé ẹ, tàbí tí o kò gbà?" Kí ẹ sì pa ẹnu mọ́. Ó ṣeé ṣe kó dákẹ́ nígbà àkọ́kọ́. Ó ń wò ó bóyá pańpẹ́ ni. Bó bá sọ̀rọ̀ tí ẹ kò mọ èsì, ẹ sọ fún un pé ẹ kò mọ̀, kí ẹ jọ lọ wá a nínú ìwé. Bó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó kan ìwà yín ni, ẹ mu omi tútù kí ẹ tó dáhùn.

Èmi náà ní kíláàsì lọ́jọ́ náà. A ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì, orí 22 ló sì kàn wá, ibi tí Ábúráhámù ti ń mú Ísákì gòkè lọ pẹ̀lú igi àti iná. Ísákì béèrè nǹkan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Mo mọ àwọn ọmọ mi; wọn kò ní dúró síbi tí Ísákì dúró sí, mo sì gbọ́dọ̀ tètè lọ kàwé. Ó dàárọ̀ o.